Omi Olú Tí Màmá Gbé Kaná

Ọjọ́bọ̀, Ọ̀kà.

Mo dúpẹ́ pé n kò sọ ohun tó wà nínú mi fún Màmá onílé lánàá.

Iná ti lọ, omi tí mo fún lára olú fún iṣẹ́ ìwádìí mi sì wà ní ike méjì nínú fírísà wọn. Ẹ́ńsáìmù, èròjà inú rẹ̀ tó máa ń tú nǹkan, ni mo fẹ́ kó jẹ aró kẹ́míkà inú omi ìdọ̀tí tí àwọn aláró ń dà nù ní Ìkàrẹ́. Kí n tó ti kíláàsì dé, Màmá ti se ike kan. Ìkòkò ni kò gba ìkejì.

"Ọmọ mi, mo bá ọ gbé e kaná bí ọbẹ̀, kó má baà kan."

Ẹ́ńsáìmù tó bá ti hó ti kú. Mo rántí gbogbo olú tí mo wá kiri nínú oko ní Ìkun. Mo ṣáà ní, "Ẹ ṣé, mà."

Lónìí, mo bu díẹ̀ nínú omi olú méjèèjì sínú omi aró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí mi ní yunifásítì ní Àkùngbá tún béèrè ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè: "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù ló jẹ aró, tí kì í ṣe pé omi ló là á?"

Mo gbé ìgò méjèèjì síwájú wọn. Ti omi olú tí a kò sè ti mọ́ kedere. Ti Màmá ṣì dúdú bí aró.

"Ìdáhùn nìyẹn! Ta ló ní kí o se ọ̀kan?"

"Màmá onílé mi ni, sà."

Mo ra búrẹ́dì fún Màmá bọ̀. Wọ́n ń yẹ fírísà wò. "Iná ò tíì dé o. Ṣé kí n gbé ìyókù náà kaná?"

Mo pariwo pé rárá o, mo sì dì mọ́ wọn.