Rákà Kẹta Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìrun Wọn

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú àìgbúròó mi láti ìgbà òjò. Mo kí bàbá mi lórí ìjókòó wọn, mo kí ìyá mi àgbà, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ràbí àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn tí mi ò tíì rí. Bàbá kékeré, ẹ̀yin ni mo mọ̀ pé ẹ máa ka ìwé yìí fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan, àní ibi tí ojú bá ti ń tì yín nítorí mi.

Ara mi le. Ọyẹ́ ti dé sí Ìlọrin. Tó bá di àárọ̀, gbogbo ìlú a dà bí ohun tí ènìyàn ń wò láti inú omidùn. Òkè Sóbí á pòórá, bí oòrùn bá gbóná díẹ̀, òkè náà á tún yọ. Ètè mi ti là. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, ọkàn mi a bá a lọ títí á fi dé etí ọ̀sà wa, níbi tí ẹ ti ń yan ẹja. Mo lè wà níwájú Àfáà, kí tírà wà lórí itan mi, kí n máa gbọ́ òórùn èéfín yín. Òun gan-an ló kó bá mi.

Ẹ̀yin rò pé Àfáà nìkan ló ń kọ́ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú àwa ọmọ kéwú wọn ti wá. Gàrùbá wá láti Kánò, Ndàgi wá láti Bídà nílẹ̀ Tápà, èmi wá láti Àjàṣẹ́ lábẹ́ àwọn Faransé. Àfáà á ka Lárúbáwá, wọn á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Lẹ́yìn náà, a ó jókòó ní méjì-méjì lábẹ́ igi ọdán, olúkúlùkù á tún un kà fún ẹnì kejì rẹ̀. O kò gbọdọ̀ pa tírà dé títí ẹnì kejì rẹ á fi lè sọ ọ́ láìwò. Ndàgi ni ẹnì kejì mi. Kíkà rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ò tíì yé e dáadáa. Òun ló ń tún ahọ́n mi ṣe, èmi ni mò ń sọ ìtumọ̀ fún un pẹ̀lú Haúsá díẹ̀ tí àwa méjèèjì gbọ́. Gàrùbá máa ń pè wá ní tọkọtaya, á ní kí a jọ̀ọ́ sọ fún òun, èwo nínú wa ni ìyàwó.

Lọ́jọ́ kan, a dé ibi ìrun arìnrìn-àjò. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó wà lórí ìrìn lè dín ìrun tó jẹ́ rákà mẹ́rin kù sí méjì. Ohun tí Àfáà sọ tẹ̀ lé e, mi ò gbọ́ ọ. Mo ti lọ sí etí ọ̀sà. Nígbà tí mo fi padà dé, wọ́n ti ń pa tírà dé. Lábẹ́ ọdán, Ndàgi bi mí pé ìrun mọ̀gàríbì tó jẹ́ mẹ́ta ńkọ́. Ìyá mi, ṣebí kí n sọ pé mi ò gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti lọ sí iléèwé àwọn onígbàgbọ́ fún ọdún méjì, tí mo máa ń fi á-bí-dí yangàn fún wọn, ẹnu mi kò gbà á. Mo ní méjì ni. Mo tiẹ̀ fi ọwọ́ gbá ẹní bí Àfáà ṣe máa ń ṣe. Ó gbà mí gbọ́, ó kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé ó máa ń lọ kírun pẹ̀lú àwọn olóbì ilẹ̀ wọn tó wọ̀ sí àdúgbò Gàmbàrí. Àwọn méje ni. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi ṣe lèmọ́mù fún wọn tí wọ́n kí mọ̀gàríbì ní rákà méjì, ní ọjọ́ kẹrin wọ́n gbéra. Ọjọ́ náà gan-an ni Àfáà ní kí Ndàgi sọ ohun tí a kọ́. Bó ṣe dé orí mọ̀gàríbì, tó ní méjì, Gàrùbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìlàjì mẹ́ta, ẹyọ kan àti ààbọ̀ ni, ibo ni ará Bídà ti rí ààbọ̀ tó fi kún un? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ndàgi wá sọ ti àwọn olóbì náà, ẹ̀rín sì gbẹ. Àfáà bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní òun lòun ṣì í gbọ́. Àfáà ní mọ̀gàríbì kì í dín, àní lórí ìrìn, pé ẹni tó bá ba ìrun èèyàn jẹ́ kò lè jókòó sórí ẹní yìí mọ́, kí ó máa lọ sílé wọn.

Ọjọ́ méjì kọjá kí n tó lọ bá Ndàgi. Mo bá a níbi tó ti ń gbọn eruku awọ àgùntàn tó fi ń kírun. Mo rò pé á bú mi. Ó bi mí bóyá mo ti ka ojú ìwé ọjọ́ náà dáadáa, torí òun kò ní sí níbẹ̀ tí òun á fi tún ahọ́n mi ṣe mọ́. Mo lọ bá Àfáà, mo jẹ́wọ́.

Wọn ò pariwo. Wọ́n bi mí pé níbo ni ọkàn mi wà lọ́jọ́ náà. Mo ní ó wà nílé. Wọ́n wá ní kí n dìde, pé àwọn olóbì náà ṣì ń kí mọ̀gàríbì ní méjì, kí n lé wọn bá.

Mo gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbà lọ. Ndàgi tẹ̀ lé mi, ẹnikẹ́ni kò rán an. Bí a ṣe ń rìn nínú ọyẹ́, ó ń kà, mò ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, àfi bíi pé ojú àlá ni. A bá mẹ́fà nínú wọn nílé èrò. Ọ̀kan pè mí ní ọmọ aláìnítìjú, òmíràn kàn ń mi orí. Wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kí lójú wa. Ẹnì keje ti wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìlọrin lọ sí Èkó torí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Wọ́n ní láti ibẹ̀, Àjàṣẹ́ wa ló ń lọ ra obì.

Ndàgi ti padà sórí ẹní. Èmi, Àfáà gba tírà lọ́wọ́ mi, àárín àwọn ọmọ oníwàláà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kéwú ni mo wà báyìí. Ìyá mi, kò sí láwàní ìparí kéwú lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ẹ foríjì mí, ẹ sọ fún aránṣọ pé kí ó dúró ná.

Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n ka ìwé yìí ní mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n kà á lọ́jà obì pẹ̀lú. Ẹnì keje yẹn, bàbá Tápà kan ni, ó ga, ó tínrín, fìlà rẹ̀ pupa, ojú òsì rẹ̀ funfun. Kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè, torí ó dá a lójú pé ọmọ kéwú Ìlọrin ló kọ́ òun. Bí ẹ bá rí arúgbó kan tó sálámà parí mọ̀gàríbì lẹ́yìn rákà kejì, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ sọ fún un pé mẹ́ta ni, pé èmi ni mo ṣì í lọ́nà, kì í ṣe Ndàgi.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo yín sí, kí Ó fi àánú gba ohun tí a ṣe àti èyí tí a bàjẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, ọmọdé àti àgbà.

Èmi ni Sùlémọ̀nú, ọmọ yín.