Agolo Ẹ̀wà Tí Ọjọ́ Rẹ̀ Kò Tíì Kọjá

Ilé Kẹrìnlá, Òkè Kìíní,
Òpópónà Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àyẹ̀wò Oúnjẹ Inú Agolo àti Inú Páálí,
Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN FÁÌLÌ IKÚ ỌKỌ MI ṢÍ, KÍ Ẹ SÌ FI AGOLO TÓ WÚ KÚN OHUN TÍ ALÁYẸ̀WÒ YÍN Ń WÒ

1. Èmi ni aránṣọ tó kọ̀wé sí yín ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá lórí ikú ọkọ mi. Èsì yín dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ bá mi kẹ́dùn, pé agolo ẹ̀wà tó jẹ ṣì ku oṣù mẹ́rìnlá kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, pé nítorí náà ẹ kò rí ẹ̀bi kankan, ẹ sì ti pa fáìlì náà dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. N kò bá yín jà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọjọ́ tí ẹ wò yẹn kọ́ ló pa á.

2. Aago ni ọkọ mi ń tún ṣe. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sí ìsọ̀ kan náà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa, gíláàsì kékeré lójú ọ̀tún. Ìṣẹ́jú-Kan ni wọ́n ń pè é, torí pé bí oníbàárà bá ti yọjú, "ìṣẹ́jú kan" ló máa sọ, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe ẹni tó máa ń ṣàìsàn.

3. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní ìkángun òpópónà wa. Bàbá Ẹ̀dínwó ni gbogbo wa ń pe ẹni tó ni ín. Pẹpẹ kan wà lẹ́yìn níbẹ̀ tó ń kó agolo tó tẹ̀ wọnú sí, àti páálí tó ya, àti ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. A ti ń rajà lórí pẹpẹ yẹn láti ìgbà tí ọmọ wa ti wà nílé ìwé. A jẹ bisikíìtì tí ọjọ́ rẹ̀ ti lé ní oṣù kan. A jẹ ẹja inú agolo tí ikùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Inú kò run wá rí. Ọkọ mi a máa sọ pé ọjọ́ ara páálí kì í ṣe ọjọ́ ikú. Mo kọ èyí kí ẹ má baà rò pé ẹni tó kórìíra ṣọ́ọ̀bù náà ni mí.

4. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹwàá, ó ra agolo ẹ̀wà méjì níbẹ̀. Orí ọ̀kan wú. Bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á ró tọ́, á sì tún dìde. Ó bi Bàbá Ẹ̀dínwó léèrè. Ìyẹn ní, "Ẹ wo ọjọ́ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ṣì ku ọdún kan ó lé. Ooru ló wú u." Ọkọ mi, tí kì í ka ọjọ́ sí, wo ọjọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

5. Èmi ni mo ṣí agolo náà ní ọ̀sán. Ó mí fììì, omi rẹ̀ sì ta sí mi lọ́wọ́. Kò rùn. Mo ní ọkàn mi kò gbà á. Ó ní, "Ojú ẹ̀ ni ò dáa, inú ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan." Oníbàárà ń dúró dè é nísàlẹ̀, nítorí náà mo kàn gbé e kaná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ẹ béèrè nínú ìwé yín ìdí tí èmi tí a jọ ń gbé kò fi ṣàìsàn. Eyín ló ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn. Tíì nìkan ni mo mu.

6. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó pè mí sísàlẹ̀. Ó gbé aago ọwọ́ obìnrin kan dání, ó ní, "Ìyá, wá wò ó, aago yìí ti bí ìbejì." Mo rẹ́rìn-ín. Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń rí nǹkan kan ní méjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti wúwo lẹ́nu rẹ̀. Aládùúgbò kan rò pé ó mutí ni. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò lè gbé omi mì mọ́. Dókítà tó kọ́kọ́ rí wa ní ilé ìwòsàn béèrè ohun tó jẹ, ó sì ní kí n lọ wá agolo náà wá. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, ó fi ìka kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi: KEJÌ. Agolo kejì ló ń sọ. Ẹ̀rù ń bà á kí n má baà jẹ ẹ́.

7. Inú ààtàn ni mo ti ṣa èyí tó ṣófo. Mo rí ìkejì nínú dúrọ́ọ̀ ìsọ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n yẹ méjèèjì wò: májèlé wà nínú ti àkọ́kọ́, kò sí nínú ìkejì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n tẹ̀ sí méjèèjì lára, nọ́ńbà kan náà. Dókítà ní kòkòrò kan ni, tí ojú kò lè rí, tó máa ń dàgbà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, tó sì ń tu májèlé sínú oúnjẹ. Òun ló ń mí tí agolo fi ń wú, kì í sì í yí òórùn tàbí adùn oúnjẹ padà nígbà mìíràn. Wọ́n fi ẹ̀rọ bá ọkọ mi mí fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ó kú ní ọjọ́ kejìlá, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Aago ara ògiri ibẹ̀ ni mo ń wò. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, ẹnì kan wá gba kọ́tìnnì tó fún mi rán. Mo jókòó, mo rán an tán. Ó gún régé.

8. Aláyẹ̀wò yín wá sí ṣọ́ọ̀bù náà. Mo wà níbẹ̀. Ó kó páálí bisikíìtì mẹ́ta tí ọjọ́ wọn ti kọjá, ó ní wọn yóò dáná sun ún. Ó dá agolo mẹ́rin tí orí wọn wú padà sórí pẹpẹ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ orí èyí wò." Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ró. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, ọjọ́ nìkan ló wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi." Ó fi hàn mí. Òótọ́ ni. Kò rí mi fín.

9. Bàbá Ẹ̀dínwó fúnra rẹ̀ wá sílé mi. Ó ní òun àti àwọn ọmọ òun ń jẹ nínú ọjà pẹpẹ yẹn. Mo gbà á gbọ́. Ó bi mí bí òun ṣe máa mọ èyí tó dára. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún mi. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni mí, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìbẹ̀rù ti mú un, ó ti kó gbogbo pẹpẹ náà dànù, àti èyí tó dára àti èyí tí kò dára, àwọn arúgbó tó ń rajà níbẹ̀ sì ń kọjá lọ́wọ́ òfo. N kò bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn.

10. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí:

(a) Kí ẹ tún fáìlì náà ṣí, kí ẹ sì kọ àbájáde agolo méjèèjì sínú rẹ̀.

(b) Kí aláyẹ̀wò máa wo ara agolo, kì í ṣe ọjọ́ nìkan.

(d) Kí ẹ tẹ ìwé kan tí ọmọ iléèwé lè kà, kí ó wà lára irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo: pé ọjà gbígbẹ tí wọ́n kọ "ó dára jù kó tó di ọjọ́ yìí" sí, tí ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, tí páálí rẹ̀ kò ya, tí kò bu, kò níí pa ènìyàn, pé bí ó bá jẹ́ "má ṣe lò ó lẹ́yìn ọjọ́ yìí" ni wọ́n kọ sí i, kí a má lò ó, pé agolo tí ikùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n èyí tó wú, tó ń jò, tí ìpẹtà ti jẹ wọnú, tó tẹ̀ ní etí ibi tí wọ́n ti pa á dé, tàbí tó mí nígbà tí a ṣí i, kí a má tọ́ ọ wò rárá, ohun yòówù kí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́.

11. Ẹ fi fọ́ọ̀mù kan sínú èsì yín pé kí n fọwọ́ sí i pé mo gba ìpinnu yín. Mo dá a padà pẹ̀lú ìwé yìí. N kò fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ fèsì, kí ẹ má ṣe tún kọ ọ́ pé ẹ bá mi kẹ́dùn. Ìyẹn ti dé ọwọ́ mi. Ìdáhùn sí nọ́ńbà kẹwàá ni mo ń retí.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ìhín.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Aránṣọ Òkè Kìíní,
Opó Ìṣẹ́jú-Kan, atúnaagoṣe.