Omi Tí Wọ́n Fi Wẹ̀ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi Adétóyè ní Mìnà,

Èmi Gbádé tó pọn Bàbá gun òkè láìsinmi, tí rélùwéè gan-an ń jowú agbára mi, ni mo ń kí yín. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa kú ewu ọmọ. Ìyá wa ń kí gbogbo yín. Iṣu ta dáadáa, ṣòbìà ẹsẹ̀ Bàbá sì ti jáde tán.

Bí Bàbá ṣe gbọ́ pé ẹ bímọ, wọ́n mú ìgò, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn. A la igbó díẹ̀ kọjá, a sì yọ sí adágún méjì lórí òkè. Ẹ̀gbọ́n, omi náà mọ́ gaara! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán.

"Ibí la sá sí nígbà ogun," ni Bàbá wí. "Omi yìí la fi wẹ ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́jọ́ tí a bí i. Òun náà ni wọn yóò fi wẹ ọmọ rẹ̀."

Wọ́n bu ún sínú ìgò kí rélùwéè lè gbé e wá fún yín. Èmi tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ ṣubú, ìgò fọ́. Mo ń retí ìgbátí, ẹ̀rín ni Bàbá bú sí: "Gbádé aláriwo! Omi kò lè lọ bá ọmọ mọ́. Ọmọ ni kó wá bá omi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ náà wá kí ẹ̀ẹ̀rùn tó fa omi náà gbẹ. Ọlọ́run yóò dá a sí. Ẹ má ṣàníyàn nípa ẹsẹ̀ Bàbá. Irọ́ ni mo pa pé mo pọ̀n wọ́n. Ẹsẹ̀ tèmi ló rọ́. Àwọn ni wọ́n pọ̀n mí délé.

Àbúrò yín,
Gbádé