Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wẹ́wẹ́ Ni Mo Ní Lọ́kàn

Èmi tí àwọn ará ilé-ìwádìí ń pè ní Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ mi ń pè ní Mọ́mì, tí orúkọ mi ní kíkún sì wà lẹ́yìn ìwé yìí níbi tí agbẹjọ́rò fi òǹtẹ̀ lù, ni mo ń kéde pé ìwé ìhágún mi nìyí. Òun nìkan ni kí ẹ tẹ̀ lé. Èyí tí àkọ́bí mi ní lọ́wọ́ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, kí ó fi di ẹ̀pà.

Ọpọlọ mi pé. Mo ń sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé wọ́n á ní kò pé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àkọ́bí mi mú dókítà kan wá sí yàrá ìjókòó mi láti wá yẹ orí mi wò. Dókítà ní kí n máa yọ méje méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Mo yọ ọ́ títí ó fi ku méjì, mo sì fi ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣì í kà hàn án. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí mi pé, ó tún fi kún un pé mo lẹ́nu. Ìwé náà wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò.

Àwọn alámòójútó ogún mi ni àbúrò mi obìnrin, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àti agbẹjọ́rò tó ń kọ ìwé yìí bí mo ṣe ń pè é fún un. Àbúrò mi, mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn ìjà. Ìdí tí mo fi mú ọ nìyẹn. Bí mo bá mú ẹni tó fẹ́ràn ìjà, ibi tí inú bá ti kọ́kọ́ bí i ni yóò ti pa ìwé náà dé.

Ìkíní. Ilé tí mò ń gbé, oníyàrá mẹ́rin, pẹ̀lú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ni mo fún ọmọ mi obìnrin, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà níwọ̀n ìgbà tí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ oníkóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lẹ́yìn kànga bá ṣì ń yọ.

Àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti wá wò ó, wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò ṣeé jẹ, kí là ń fi í ṣe? Lóòótọ́, bí ẹ bá gé e jẹ, eyín yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, kóró inú rẹ̀ le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe rí kí ọmọ aráyé tó tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Ní ìhà ìlà oòrùn ayé, ní àwọn erékùṣù tí òjò kì í dá, ni àwọn àgbẹ̀ ìgbàanì ti rí ìyẹn tí kóró rẹ̀ kò gbó, tí wọ́n yọ ọmọ ìdí rẹ̀, tí wọ́n gbìn ín, tí wọ́n tún yọ ọmọ ti ìyẹn náà, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn àgbà ní iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá òwe náà jà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí à ń pè ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ìyá náà ló tún yọ. Àrùn tó pa ìyá á pa òun náà, àbùkù tó wà lára ìyá wà lára rẹ̀. Oníkóró ló ń bí ọmọ tó lè yàtọ̀ sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìkejì. Awò tí mo fi ń wo ohun tí ojú lásán kò rí, òṣùwọ̀n idẹ mi, àti àdá mi méjèèjì, ni mo fún ológbà ilé-ìwádìí. Ó mọ kòkòrò tó ń gbẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ju àwọn méjì tó ní oyè dókítà lọ, wọn kò sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan rí.

Ìkẹta. Kí wọ́n fún ológbà yìí kan náà ní ewúrẹ́ mi tó ń jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Oyè yẹn tọ́ sí i. Ó jẹ orí kejì ìwé mi ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí n gbé e lọ fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, nínú gbogbo ẹni tó sì ti fojú kan orí kejì náà, òun nìkan ni mo mọ̀ pé ó dà nínú rẹ̀.

Ìkẹrin. Kóòtù tí bàbá àwọn ọmọ mi máa ń wọ̀, àga rẹ̀, àti gbogbo àwòrán àwa méjèèjì, ni mo fún àkọ́bí mi ọkùnrin.

Àbúrò mi á ní kí n máa pe olóògbé ní “wọ́n”. Kíláàsì kan náà la jọ wà, èmi ni mo sì ń ṣe ipò kìíní. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó máa ń ru ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sábẹ́ fáànù, yóò sì máa kọ orin kan tí ohùn rẹ̀ kò bá mu rárá. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti kú, mo ṣì máa ń dákẹ́ nígbà mìíràn bíi pé mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìkarùn-ún. Ìwé àkọsílẹ̀ mi ẹlẹ́yìn búlúù ni mo fún ilé-ìkàwé gbogbogbòò, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè béèrè fún un. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mò ń sọ yìí.

Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, bàbá àwọn ọmọ mi ni ọ̀gá ilé-ìwádìí, èmi ni igbákejì rẹ̀. A fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. A kó ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru jọ. A ní kí ìdajì wọn máa ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹyọ méjì lójúmọ́, kí ìdajì yòókù má fi kan ẹnu. Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń sàmì sí lójoojúmọ́. Mo kọ ọ́ báyìí: Ṣé ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lónìí? Ẹyọ mélòó?

Ẹni tó gbọ́ èdè wa ti rí ibi tí mo ti ṣubú. Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, bí a bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, wẹ́wẹ́ là ń wí, èyí tí à ń bó jẹ lójú ẹsẹ̀. Èkejì, àgbagbà là ń pè é. Nínú ilé ẹlòmíràn, àgbagbà gan-an ni ọ̀gẹ̀dẹ̀, wẹ́wẹ́ ló ní láti wá orúkọ kún orúkọ. Mo ti fi ọdún mọ́kànlá ya ẹ̀yà ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ awò, èmi náà ni mo sì gbàgbé láti kọ “wẹ́wẹ́” sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Bíríkìlà kan ló là mí lójú. Ó wá fún ìwọ̀n ìkẹyìn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ó ní, “Ẹ ṣeun, mà, àmọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ti sú mi. Bí ìyàwó mi ò bá fi iyọ̀ sí i dáadáa kó tó dín in, kò ṣeé gbé mì mọ́.” Iyọ̀ tí a ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá fún! Mo gbé báàgì mi, mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nínú àwọn méjìdínláàádọ́ta tó yẹ kó jẹ wẹ́wẹ́, mọ́kànlélógún ló ti ń jẹ àgbagbà, sísè, sísun àti díndín. Nínú àwọn tí a ní kó má jẹ ẹ́, mẹ́tàdínlógún ló ń jẹ wẹ́wẹ́ ní àjẹyó, nítorí àgbagbà ni wọ́n rò pé a ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Mo ti pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé náà. Ohun tí wọ́n jẹ ló kù.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi tó tún jẹ́ ọkọ mi, mo ní kí a da iṣẹ́ náà nù, kí a tún un ṣe. Ó ka ìwé náà tán. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àgbagbà náà, ṣé kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni? Ta ló máa bi wá?”

Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde pẹ̀lú orúkọ àwa méjèèjì. Wọ́n fún ọkọ mi ní àmì ẹ̀yẹ, wọ́n fún mi ní òdòdó. Mo kó ẹrù mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mi ò sì sọ nǹkan kan níta. Mo dákẹ́ nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì dákẹ́ nítorí pé èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù. Ojú tì mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìtìjú fi dì mí lẹ́nu, ó sì ti tó gẹ́ẹ́.

Ìkẹfà. Ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì ni mo fún aládùúgbò mi, télọ̀ obìnrin tó ń rán aṣọ iṣẹ́ mi, kó jẹ́ tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀bùn kọ́, kó má dúpẹ́.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni àkọ́bí mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, ó ń rọ lúbúlúbú rẹ̀ sínú ìgò, ó ń tà á. Ó kọ ọ́ sára ìgò pé ìwádìí bàbá àti ìyá òun fi hàn pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Télọ̀ rà á nítorí pé èmi ló mọ̀. Ó kó oògùn tí dókítà fún un sínú agolo bọ́tìnì, ó ń po lúbúlúbú mu. Ní oṣù kẹrin tó ti ń mu ún, ó ń gé aṣọ lọ́wọ́ ni àlùmọ́gàjí bọ́ sílẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbéra mọ́ títí di òní. Nígbà tí mo dé ilé-ìwòsàn, ẹnu rẹ̀ ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun ló sì ń tù mí nínú. Ó ní bóyá òun ni kò mu ún tó.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé mo kórìíra ọ̀gẹ̀dẹ̀ o. Àràárọ̀ ni mò ń jẹ ẹ́. Ó ní pọtáṣíọ̀mù tó ń bá ara ti iyọ̀ jáde, ó ń jẹ́ kí inú ṣiṣẹ́, ó sì ń gbé ènìyàn ró. Oúnjẹ gidi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó jẹ ẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan, ìbáà jẹ́ wẹ́wẹ́, ìbáà jẹ́ àgbagbà, tó yẹ kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru torí rẹ̀ pa oògùn tì. Ẹni tó bá ní mo rí i, irọ́ ló pa mọ́ mi.

Ìkeje. Oko ẹ̀bá odò, ilé tí wọ́n ti ń sá ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ẹ̀rọ ìlọ̀ tó wà nínú rẹ̀, èmi ni mo ni wọ́n. Mo fún àkọ́bí mi, bí ó bá bó gbogbo àkọlé yẹn kúrò lára ìgò láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo bá kú, tó sì kọ òmíràn pé oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ di ti ilé-ìwòsàn tí télọ̀ sùn sí.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní, “Mọ́mì, ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe? Ṣé orúkọ Dádì lẹ fẹ́ bà jẹ́?” Ọmọ mi, orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀. Mi ò kórìíra rẹ, inú rẹ ló ń bí mi, o sì ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Bí o bá lọ sí kóòtù nítorí ìpín keje yìí, ìwé búlúù ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà sétí gbogbo ènìyàn.

Ìkẹjọ. Ilé-ìwádìí fẹ́ fi orúkọ àwa méjèèjì pe gbọ̀ngàn wọn tuntun nítorí iṣẹ́ yẹn. Mi ò gbà. Kí wọ́n fi orúkọ bíríkìlà pè é, òun ló sọ òtítọ́ níbẹ̀; orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò.

Ìkẹsàn-án, ó parí. Agbẹjọ́rò gbà mí nímọ̀ràn pé kí n so lẹ́tà ìjẹ́wọ́ mi mọ́ ìwé yìí, kí wọ́n fi ránṣẹ́ nígbà tí mo bá ti kú, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè bi mí léèrè mọ́. Ire ló rò sí mi. Ṣùgbọ́n télọ̀ ò kú kí apá rẹ̀ tó rọ, èmi náà ò sì ní dúró de ikú kí n tó sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí, mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó tẹ iṣẹ́ wa jáde, sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí oògùn, àti sí àkọ́bí mi. Mo kọ àdírẹ́sì mi àti nọ́ńbà fóònù mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, mo wà nílé.

Mo fọwọ́ sí i ní yàrá ìjókòó mi, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà, ní ọdún kejìdínlọ́gọ́rin tí mo dé ayé, láìsí ẹni tó di ọwọ́ mi mú.

ÌYÁ ỌLỌ́GẸ̀DẸ̀

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọn kò ní ìpín kankan nínú ogún yìí:

Mẹkáníìkì ojúlé kejì, ẹni tó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó di bírò mú.

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìfúnpá mi. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn tí mo fọwọ́ sí i tán, àádóje lórí ọgọ́rin ni, àti pé mo ti lo oògùn mi.