Ta Ni Í Ki Ẹ̀yin?

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta, 2025
Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Dùnsìn — obìnrin tó mọ iṣẹ́, tó tún mọyì ènìyàn — ní kí n lọ sinmi nílé títí dókítà yóò fi sọ pé mo tún lè ṣiṣẹ́. Wọn kò bá mi wí. Ní ilé ẹjọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, adájọ́ ní kí n sọ àpá tí mo rí lára Àyọ̀ká, ọmọbìnrin kékeré tí a gbà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Èmi, tí gbogbo ọ́fíìsì ààbò ọmọdé wa ń pè ní Bàbá Oríkì. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú.

Ọjọ́ Rú, 5
Ilé dákẹ́ jù. Ariwo àwọn ọmọ ni etí mi ń wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Bí a bá gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́, ẹkún ni yóò máa sun nínú ọkọ̀. Èmi a bi í ní oríkì rẹ̀. Bí kò bá ní, mo fún un ní ọ̀kan. “Àyọ̀ká, má sunkún mọ́. Ilé là ń lọ.” Ìyá mi, ará Ọ̀yọ́, ọ̀gá nínú kíki ènìyàn, ló kọ́ mi.
Ìlú Ìgbẹ́mọ la ti gba Àyọ̀ká. Ṣáájú rẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ — èyí tí ilé ẹjọ́ dá padà sílé, tí a kò tún bá láàyè.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ẹni tó wà ní ìsinmi kì í bẹ ọmọ wò. Mo mọ̀. Mo lọ sí Ìgèdè, sọ́dọ̀ Ìyá Nímọ́tà tó ń tọ́jú Àyọ̀ká — ọmọ Ìlọrin, ọlọ́wọ́ ìtọ́jú, tó ń fi ìsọ̀ ata bọ́ ọmọ ọlọ́mọ.
Àyọ̀ká ń ṣa ẹ̀wà. Mo na ọwọ́ sí i: “Àbẹ̀kẹ́ mi.”
Ó wẹ̀yìn wò, bóyá ọmọ mìíràn ló wà níbẹ̀.
“Bàbá, Àyọ̀ká ni mí.” Lẹ́yìn náà: “Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni í ki ẹ̀yin?”
Ìyá Nímọ́tà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má dá a lóhùn, pé lọ́yà ni èyí yóò dà.
Mo jókòó, mo bá a ṣa ẹ̀wà. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó kì mí.

Ọjọ́bọ̀, 13
Dókítà ní ara mi ti yá. Ọjọ́ Ajé ni ẹjọ́ Àyọ̀ká. Ó wù mí dọ́kàn láti lọ jẹ́rìí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo lọ bá ọ̀gá. Mo ní mo fi orúkọ òkú pe ọmọ tó wà láàyè. Bí mo bá tún ṣì í pè níwájú adájọ́, wọ́n lè dá a padà sílé bíi ti Àbẹ̀kẹ́. Kí Akínbọ́lá, tí a jọ lọ gba ọmọ náà, sọ̀rọ̀ dípò mi. N kò tíì lè padà.
Wọ́n ní: “Bàbá Oríkì, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sórí àga yín.”

Ọjọ́ Ajé, 17
Akínbọ́lá sọ ọ́ ó yéni, ọmọ ọlọ́gbọ́n. Adájọ́ ní kí Àyọ̀ká máa gbé lọ́dọ̀ Ìyá Nímọ́tà.
Lọ́sàn-án, fóònù dún. Àyọ̀ká. Ó ní èmi kò tíì fún òun lésì ìbéèrè òun.
Mo ní Àkànní ni ìyá mi máa ń pè mí. Ohùn mi gbọ̀n.
Ó rọra wí pé:
“Àkànní, ẹ má sunkún mọ́. Ilé là ń lọ.”