Bí O Ṣe Tún Fídíò Ṣe Tí Ìyá Rẹ Fi Pòórá Nínú Rẹ̀

Adébùsọ́lá ọmọ mi, ìwọ tí àwọn ará Èkó ń pè ní Walter,

Mo kí ọ, mo kí Matilda ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ẹni tó ń bá yín gun àtẹ̀gùn ilé gíga yẹn. Kí ilẹ̀ Èkó má yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, kí ẹ máa rí jẹ kí ẹ tó sùn. Bí o bá fẹ́ mọ bí mo ṣe wà, mo wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì ń bá a kẹ́dùn. Iṣu ta díẹ̀, ewúrẹ́ Sàlàkọ́ aládùúgbò wa sì ti jẹ nínú díẹ̀ náà. Rachel ìyàwó tíṣà ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí ọ̀rọ̀ mi bá korò, kó má bu ṣúgà sí i, nítorí ohun tó ṣe nínú ìwé tí a kọ kẹ́yìn nìyẹn, tí o fi rò pé inú mi ń dùn.

Fídíò ìgbéyàwó rẹ tí mo fi rán Bọ́dúnrìn awakọ̀ sí ọ pé kí o tún ṣe ti padà dé. O mọ ìdí tí mo fi fi ránṣẹ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú ni mo ti ń lọ jókòó ní pálọ̀ Sàlàkọ́ lọ́jọ́ tí iná bá wà, kí n lè wò ó, nítorí inú fídíò yẹn nìkan ló kù tí ìyá rẹ ti ń rìn tó sì ń sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí àìsàn fi kọ lu fídíò náà. Òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn la ṣe ìgbéyàwó rẹ, eruku ni gbogbo wa ń jẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ náà. Orí àwọn èèyàn ń yà kúrò lọ́rùn wọn, á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tún padà wá. Sàlàkọ́ ní ẹ̀rọ ló dọ̀tí, ó fi òwú tó rẹ sínú ọtí nu inú rẹ̀. Mo ní ẹni tó ti ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ṣé ọtí ló kù tí à ń fún un, kò gbọ́. Èmi náà yẹ ìdí tẹlifíṣọ̀n wò, mo rí i pé tábìlì kò dọ́gba, mo fi èèpo àgbọn há ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, síbẹ̀ orí ń yà lọ́rùn. Mo wá rò ó pé ó ti rẹ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá ń pè jáde wá jó ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé, ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́? Mo ní kí Sàlàkọ́ jẹ́ kí wọ́n sinmi títí a ó fi kórè àgbàdo. Wọ́n sinmi, wọ́n jáde, ó tún burú ju ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni mo fi rán Bọ́dúnrìn, nítorí o ti sọ pé iṣẹ́ tí o kọ́ nìyẹn, pé ẹ ń gé àwòrán, ẹ ń so ó pọ̀, ẹ sì ń wò ó sàn.

Ó ti wá sàn. Ìwé tí o fi sínú rẹ̀ sọ pé o ti yọ gbogbo ibi tó ń gbọ̀n kúrò. Òótọ́ ni. Òjò ti dá. Bàbá ìyàwó rẹ dúró ṣinṣin. Mọ́tò bàbá ìyàwó rẹ náà dúró ṣinṣin, mo rí iwájú rẹ̀, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, mo tún rí ibi tó ń dán tí èèyàn lè fi ṣe dígí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó fi awò dúdú bojú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bíi pé oòrùn ń ràn nínú ilé Ọlọ́run, kò sí èyí tó mira nínú wọn. Àlùfáà ń gbàdúrà, kò tíì ṣe àmín, mo ṣẹ́jú báyìí, itan adìẹ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo bi Sàlàkọ́ pé irú àdúrà wo nìyẹn, ó ní ojú ibi tí o ti so ó pọ̀ ni. Ó dáa, ìwọ lo kọ́ṣẹ́. Mo jókòó títí ojú ẹ̀rọ fi dúdú. Mo ní kí Sàlàkọ́ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, a tún wò ó tán. Èjìká ìyá rẹ kan ṣoṣo ni mo rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìrẹsì. Ìyókù kò sí níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀gá rẹ kò kọ́ ọ. Òjò ni mo ní kí o dá dúró, orí tó ń yà lọ́rùn ni mo ní kí o tò. Ibi tí gbogbo ilé ti ń gbọ̀n yẹn, kì í ṣe àìsàn. Ìyá rẹ ló ń fa apá ọmọṣẹ́ rẹ tó gbé kámẹ́rà. Láti àárọ̀ ló ti ń wo ọmọ ọlọ́mọ tó ru ẹrù sí èjìká, tí ẹnì kankan nínú ẹ̀yin ará Èkó kò fún lómi. Ó wá gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ lọ bá a, ó ní ìwọ ọmọ yìí, sọ igi yìí kalẹ̀ kí o jẹun, ṣé ẹrù ni ìyá rẹ bí ọ fún ni. Ọmọ náà ní ẹ jọ̀ọ́ màmá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní iṣẹ́ kì í tutù, ìkọ́kọrẹ́ ló ń tutù. Ó fà á, ọmọ náà fà á padà, òrùlé di ilẹ̀, ilẹ̀ di òrùlé, ojú ìyá rẹ kún gbogbo ojú ẹ̀rọ, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn. Ohun tí o gé nù nìyẹn. A gbé aláìsàn wá bá ọ, o wo bẹ́ẹ̀dì sàn, o ju aláìsàn nù, o tún kọ̀wé sí mi pé kí n dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń gé nǹkan á ní àgékù. Télọ̀ tó wà ní Ìmùṣin kì í da àgékù aṣọ nù, inú àpò ló ń kó o sí. Nítorí náà, wo abẹ́ tábìlì rẹ dáadáa, sọ fún Matilda kó má tíì gbálẹ̀ níbẹ̀. Ó lè ti ká jọ, má fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Kó o sínú agolo tó ní ìdérí, kí o fi lé Bọ́dúnrìn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Bọ́dúnrìn yìí sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ràn. Ó ní bí kásẹ́ẹ̀tì fídíò bá wọ́n, ẹ máa ń ya ìgbéyàwó ẹlòmíràn lé orí ti ẹni àkọ́kọ́, ti àkọ́kọ́ á sì parẹ́ pátápátá. Mo ní kó panu mọ́, pé ọmọ mi kì í ṣe ẹni tí í sin òkú lé òkú lórí. Láti ìgbà náà, oorun mi kò dán mọ́rán. Bó bá jẹ́ pé o ti ṣe é, má kọ ọ́ sínú ìwé kí Rachel wá máa wá ọ̀nà tí yóò fi kà á fún mi. Wá fúnra rẹ, jókòó síwájú mi, kí o sọ ọ́.

Òrùlé ibi ìdáná ń jò, kẹrosíìnì sì ti tán, fi owó ránṣẹ́ bí o bá ní. Bí o kò bá ní, kó máa jò. Ọlọ́run tí ẹ̀yin ń sìn àti Ògún tí èmi ń bọ, kí wọ́n jọ ṣọ́ irin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kó má tún gé ohun tí kò ṣeé so padà. Kí Matilda bí ọmọ tí kò ní gbà láti jókòó jẹ́ẹ́.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Rachel ní kí n ṣe sùúrù, pé fọ́tò ìyá rẹ ṣì wà lára ògiri, ìyẹn kò sì gbọ̀n. Òun kọ́ ló bá a gbé. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi fẹ́ ìyá rẹ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rí i tí kò mira, ọjọ́ tí a tẹ́ ẹ sínú pósí. Mo ti wo ìyẹn tó. Èyí tó ń gbọ̀n ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnkọ̀yà