Etí Ológun

                                        Iyàrá Ìyàwòrán,
                                        Òkè Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé eyín tó ń da ọmọ láàmú ti jáde? Tèmi ti jáde ní tiẹ̀, ẹyọ kan, lápá òsì. Mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ẹ̀yin lẹ sọ fún Màmá pé iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni àwòrán yíyà. Nínú iyàrá wa, àwòrán ológun arúgbó kan wà tí ọ̀gá wa jogún lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́; ti àgbà là ń pè é. Idà ẹlẹ́jẹ̀ wà lórí itan ológun náà. Òun la fi ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró ya ojú èèyàn: a ó máa wò ó yà títí tiwa yóò fi jọ ọ́. Èyí tí kò bá jọ, ọ̀gá á fi ọ̀bẹ là á láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ẹni tí wọ́n bá la tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ilé yá. Wọ́n ti la tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀bẹ gba àtàǹpàkò mi kọjá. Ọ̀gá ní kí n má ṣe jẹ́ kó kán sínú ọ̀dà, pé pupa yẹn máa ń dúdú tó bá gbẹ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ya gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tí ọ̀dà àtijọ́ ti sán. Etí nìkan ló tóbi jù mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá gbé ti àgbà sórí igi tí mo máa ń gbé tèmi lé, lẹ́bàá fèrèsé, kí n lè wo etí náà dáadáa. Bí ọ̀gá ṣe wọlé nìyẹn.

"Etí wo rèé? Etí eku?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kọ́ ni..."

"Panu dé, afọ́jú!"

Ó gún ológun lójú, ó là á dé ọ̀fun, ó fẹsẹ̀ tẹ ìyókù fọ́. Ìgbà tó yí i padà ló rí orúkọ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó wò mí, ó wo ọ̀bẹ. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ìkúùkù ló tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni eyín mi lọ.

Kò lé mi. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé tèmi kọ́ sórí ìṣó ológun, ó ní òun á gé ahọ́n ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mẹ́rin ló ń wò ó yà báyìí. Lánàá, ọ̀kan nínú wọn, onígbàjámọ̀ tó mọ etí èèyàn bí ẹní mowó, dín etí náà kù. Ọ̀gá la tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó fọ́ ọ létí méjèèjì.

"Wo ti àgbà, òmùgọ̀!"

Èmi ni àgbà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún onígbàjámọ̀. Mo fẹ́ là á lọ́yẹ, ṣùgbọ́n ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, eyín mi sì ku mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Gbogbo wọn ni mo fẹ́ràn.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì gbé ọmọ jó fún mi. Ẹ sọ fún Màmá pé iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni lóòótọ́.

Èmi ni àbúrò yín tó ń fi apá ọ̀tún ẹnu jẹun,
Àbíkẹ́yìn Màmá.